Hóró Oògùn Tó Ń Kọ Ebè

Lọ́dún tó kọjá, oorun gbé mi lọ lórí ebè. Kí n tó jí, ẹyẹ kan ti ń kó koríko sí mi lórí, ó fẹ́ kọ́lé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ẹyẹ náà. Àwọn ọmọ mi gbọ́, wọ́n ní bí n kò bá lè kọ ebè oko mi tán kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn á fi oko náà fún ẹlòmíràn, kí n jókòó sílé. Ìjókòó sílé kẹ̀? Ibẹ̀ ni ikú ti máa ń bá èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan tó gun ọ̀kadà wá sí Igbó-Ọrà, tó ń ta oògùn inú ike. Ó ní ewé àti èso ni wọ́n lọ̀ sínú hóró kọ̀ọ̀kan. Ó ní ara èèyàn máa ń dípẹtà bí irin, ìpẹtà yẹn ló ń mú wa gbó, tó sì ń mú kó rẹ̀ wá, ewé yìí ló máa ha á kúrò. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò tilẹ̀ kà á tán, àmọ́ mo mọ ohun tí ìpẹtà ṣe fún ọkọ́ mi. Mo ra ike kan.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi wá nìyí: ìbejì ni mí. Nílùú wa, ohun tí a bá rà fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ rà á fún èkejì. Ìkejì mi wà láyé, oko wa sì pààlà. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, òun ni wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ti ń fi ìyẹn rán mi níṣẹ́. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, kí òun nìkan máa gbó lọ. Mo fi ike pamọ́ sínú àpò àgbàdo.

Hóró méjì láràárọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, eyín mi tó ń mì dúró gírígírí, irun àyà mi tún dúdú. Ebè ńkọ́? Mo lè fi ogún sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí n padà dé láàárọ̀ kí n bá ọgbọ̀n. Mo ní oògùn yìí lágbára débi pé mò ń kọ ebè láìmọ̀. Mo ròyìn fún nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa. Ó ní òun kò tíì rí hóró tó sọ arúgbó di ọ̀dọ́, pé ìlasa tí mò ń jẹ náà, ewé ni, kí n kàn máa sinmi lọ́sàn-án. Mo ní ìlara ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tètè dé oko. Ìkejì mi ni mo bá láàárín ebè mi, ó di ẹ̀yìn mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ojoojúmọ́ ló ti ń wá kí n tó dé.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń bá ọ̀lẹ kọ ebè. Tí wọ́n bá gba oko yìí lọ́wọ́ rẹ, ta ni màá máa bú láti ìhà ọ̀hún? Àmọ́ ó ti ń rẹ̀ mí, àbúrò."

Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ike fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Èmi gan-an wá ni oògùn náà?"

Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ sinmi lábẹ́ igi irú. Lọ́jọ́ náà, mo kọ ebè tèmi, mo kọ nínú tirẹ̀, ara sì ro mí bí ó ṣe yẹ kó ro arúgbó.

Nígbà tí àwọn ọmọ dé, mo sọ fún wọn pé ẹni méjì ló kọ ọ́. Àkọ́bí mi ní kò burú, kí a da oko méjèèjì pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ro tirẹ̀ mọ́. Ìkejì mi ní òun gbà, bí òun bá máa jẹ́ ọ̀gá. Ọ̀gá náà ló ń ké sí mi láti ìta báyìí, ó ní koríko ti ń bo iṣu wa. Ẹ jẹ́ kí n wá ọkọ́ mi.