Rọ́bà Ìdí Síkẹ́ẹ̀tì

Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo fi ń mọ ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Igbó-Elérin, àfi ìgbà tí ariwo náà dákẹ́. Ọmọ tuntun tó bí ń bì ṣáá, àwọ̀ èébì rẹ̀ rí bí ewé. Ìfun rẹ̀ ti lọ́ pọ̀ nínú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, Ọlọ́run sì kó o yọ. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní títẹ̀ba tó ń tẹ̀ba sídìí ẹ̀rọ nígbà oyún ló ká ọmọ nífun. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́. Ó da aṣọ bo ẹ̀rọ, ó ní òun ò ránṣọ mọ́ láyé òun.

Èmi ń kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì l'Ọ̀jọ́ nígbà náà, mo sì ń ráhùn pé ìṣègùn ni mo fẹ́, adìyẹ ni wọ́n fún mi. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa, ará Èkìtì kan tí kì í gbóhùn sókè, fọ́ ẹyin tí ọmọ ti ń dàgbà nínú rẹ̀. Ó gbé ìfun ọmọ náà sínú omi níwájú wa: ó ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó so mọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Ó fi abẹ yà wọ́n. Ìfun nà gbọọrọ, awọ súnkì. Mo sún mọ́ ọn. Ó ní ìfun ń yára dàgbà ju awọ tó dì í mú lọ, fífà tí awọ ń fà á ló ń mú un ká. Mo bi í bóyá títẹ̀ba aláboyún lè ba èyí jẹ́. Ó ní rárá o.

Mo lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó bá mi rán rọ́bà mọ́ aṣọ, bíi ti ìdí síkẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí títí, ó wá ṣí ẹ̀rọ. Ó fa rọ́bà bó ṣe ń rán. Bó ṣe fi í sílẹ̀, aṣọ ká jọ.

Mo ní, "Bí ìfun ṣe ń ká nìyẹn, àǹtí mi. Inú ọmọ fúnra rẹ̀ ni gbogbo fífà náà wà. Ọwọ́ yín ò débẹ̀."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó gbé aṣọ náà bojú, ó sunkún.

Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Mo gbà pé ẹmọ náà bọ́ sí ìfun ọmọ tiwa. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró l'Ókokomáíkò tí mò ń wo èrò tó ń wọ́ lọ, tí ìfun oníkálukú ká síbi tó yẹ, ẹ̀rù iṣẹ́ Olódùmarè a bà mí. Ọmọ ọjọ́sí ti ń jẹ ẹ̀bà ju bàbá rẹ̀ lọ. Nígbà tí oyún kejì sì dé, ìdí ẹ̀rọ ni ẹ̀gbọ́n mi wà títí ó fi rọbí.