Ilà Ilé Wa Lójú Àlejò

Mo mọ awọ tó jẹ́ awọ, mo sì mọ awọ tó jẹ́ ọ̀dà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Orí bẹ́ńṣì onípákó nílé sinimá kan ní Òṣogbo ni mo ti fojú kọ́ ọ, ní àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira, nígbà tí mo jẹ́ télọ̀ ní Ìlobù, tí mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Sátidé kí n lè rí ọkọ̀ wọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wo ẹṣin àti ìbọn. Èmi ń wo ọrùn. Ibi tí ọrùn bá ti wọ inú ẹ̀wù ni ọ̀dà sábà máa ń tán sí. Bí kò bá tán síbẹ̀, wo ẹ̀yìn etí. Bí wọ́n bá rántí kun ẹ̀yìn etí, ní sùúrù títí ẹni náà yóò fi na ọwọ́ mú nǹkan, kí o wá wo àárín ìka rẹ̀.

Mo ní ìwé pélébé kan tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ará Íńdíà tí kì í ṣe ará Íńdíà wà níbẹ̀. Ará Ṣáínà tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè tín-ín-rín wà níbẹ̀. Òyìnbó ni gbogbo wọn lábẹ́ ọ̀dà. Bí mo bá ti rí ibi tí ọ̀dà tán sí báyìí, màá fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Wò ó, òyìnbó ni!" Inú mi á sì dùn bí ẹni tó mú olè. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti béèrè ibi tí ará Íńdíà gan-an wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń kun òyìnbó yẹn.

Lọ́dún kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn òyìnbó tó ń ya sinimá dé ọ̀dọ̀ wa. Etí odò Erinlẹ̀ ni wọ́n pàgọ́ sí, wọ́n kó lọ́rì mẹ́ta wá pẹ̀lú ẹ̀rọ iná tó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Wọ́n ń wá télọ̀ tí yóò máa rán aṣọ fún àwọn èèyàn tí yóò kàn máa kọjá lẹ́yìn nínú sinimá náà. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti gbé máṣíìnì mi rù. Ògbufọ̀ wọn, ọkùnrin kan tó bá wọn ti Èkó wá, ló sọ ìtàn náà fún mi: òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan wá sí ìlú àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì fẹ́ràn ọmọbìnrin aláró kan níbẹ̀.

"Wọ́n ń wá aláró o," ni ògbufọ̀ wí. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú."

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, aláró ni. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú láti orí èékánná dé ọrùn ọwọ́, kò sí ọṣẹ tó lè bó o. Ọdún mẹ́ta ló ti wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìfọ́n. Àwa àti Ìfọ́n ń fa ilẹ̀ mọ́ ara wa lọ́wọ́, a sì tún ń fẹ́ ọmọ ara wa. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í fi sọ̀rọ̀ nílé àna rẹ̀ láìkọ́kọ́ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kò rò ó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó?" ni ìyá náà béèrè.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá, Ìyá wa. Ilé baba wa ní Ìlobù ni yóò máa sùn."

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ìyàwó mi yóò fi wà létí odò láàárín ọkùnrin tí a ò mọ baba wọn?"

"Sinimá ni, Ìyá. Ọkọ̀ sinimá á gbé e dé Ìfọ́n níbí. Ẹ̀yin fúnra yín á jókòó, ẹ á rí ojú ìyàwó yín lórí aṣọ, á tóbi ju ilẹ̀kùn yìí lọ."

"Bí mi ò bá rí i ńkọ́?"

"Kí ẹ pè mí lópùrọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kọ́ la fẹ́ níyàwó, àna wa. Ìwọ kọ́ ni n ó pè."

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n na agbòòrùn lé e lórí. Ó funfun bí ẹ̀fun, irun rẹ̀ dà bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Òun ni aláró. Wọ́n ní kí àbúrò mi kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí aláró ń ṣe: bó ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, bó ṣe ń ká ìró sókè, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí ìkòkò.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni àbúrò mi wí jẹ́ẹ́, "ṣé ìyẹn ni èmi?"

Mo ní kó ṣe sùúrù, pé bóyá àwọn méjèèjì ni wọ́n máa yà. Ká sọ òótọ́, mi ò ro ti ojú rẹ̀ mọ́. Agolo ọ̀dà ni mò ń wò. Láti ọjọ́ tí mo ti ń rí ibi tí ọ̀dà ń tán sí, mi ò tíì rí ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Agolo mẹ́ta ni: ọ̀kan pupa bí amọ̀ ìkòkò, èkejì dúdú bí kọfí, ìkẹta jẹ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń gbọ̀n lé e lórí kó má baà dán. Kànìnkànìn ni ọkùnrin tó ń kùn ún fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú, kò fi pa á rárá. Bí wọ́n bá fi pa á, ọ̀dà á mú ibì kan, á fi ibì kan sílẹ̀. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ojú, ọrùn, àti apá. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi.

Ìṣòro wọn ni ọwọ́. Bí obìnrin náà bá ti ki ọwọ́ bọ aró, ọ̀dà á bó sínú ìkòkò.

"Ó ń ba aró mi jẹ́," ni àbúrò mi wí. Lẹ́yìn ìkòkò kejì, wọ́n pinnu pé bó bá kan ọwọ́, ti àbúrò mi ni àwọn á yà. Bó bá kan ojú, ti òyìnbó. Inú àbúrò mi dùn díẹ̀ sí ìyẹn. Ó jókòó ti obìnrin náà, ó ń ṣàlàyé, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀: "Ẹ sọ fún un pé aṣọ kì í mu aró nínú ìkòkò. Bí ó bá ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, àwọ̀ ewé ló ní. Ìgbà tí a bá gbé e síta, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ló ń dúdú." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ìka kan, ó fi kan ilà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ àbúrò mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti kọ ilà sójú òyìnbó. Mẹ́ta wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, márùn-ún lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, gbogbo rẹ̀ dagun. Àwọn alágbàṣe ń fi rẹ́rìn-ín.

"Ilà ilé ta nìyí?"

"Ilé ológbò ni. Ó ha á lójú ni!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bàjẹ́ nìyẹn, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ilà tí kò nílé ì bá má kó bá ilé kankan. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á. Mo gbé àbúrò mi jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, mo yọ téèpù mi. Àbàjà mẹ́rin ni ilà ilé wa, ó dùbúlẹ̀ gbọrọ, ó gùn ní íńṣì méjì dín díẹ̀, èyí tó wà lókè sì fi díẹ̀ kúrú sí ti ìsàlẹ̀. Baba olóòlà ilé wa ló máa ń dín ti òkè kù bẹ́ẹ̀, òun nìkan. Mo fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ fà á sẹ́rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, lọ́tùn-ún àti lósì, ọlọ́dà sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tẹ̀ lé mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni àbúrò mi wí, "ṣé kò sí nǹkan?"

"Kí ni yóò wà? Ó ti wá pé báyìí."

Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó. Nínú gbogbo ohun tí mo fi téèpù wọ̀n láyé mi, mi ò ṣe èyí tó mọ́ jù ú lọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ sinimá gbé sinimá náà dé Ìfọ́n. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, gbogbo ìlú tú jáde. Ìyá ọkọ àbúrò mi jókòó sórí àga níwájú, àbúrò mi jókòó sórí ẹní lẹ́sẹ̀ wọn, ó ti wé gèlè tuntun. Èmi náà ti Ìlobù wá pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé wa kan.

Dúdú àti funfun ni sinimá náà, kò ní àwọ̀ mìíràn. Bí ojú obìnrin yẹn ti kún aṣọ, mo wo ọrùn. Mo wo ẹ̀yìn etí. Mi ò rí nǹkan kan. Nínú dúdú àti funfun, ọ̀dà àti awọ ti di ọ̀kan náà. Èmi tí mo bá wọn wà níbi tí wọ́n ti ń kùn ún, bí wọ́n bá ní kí n búra pé òyìnbó ni, ẹ̀rù ì bá bà mí.

"Ọmọ ibo nìyí? Ó mà rẹwà o!"

"Ṣé ẹ ò rí ilà ni? Ọmọ Ìlobù ni!"

"Àbájọ tó fi ń sunkún nítorí òyìnbó. Wọ́n kúkú mọ̀ ọ́n ṣe!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. "Ìyàwó, ìwọ dà?"

"Wọn ò tíì débẹ̀, Ìyá wa."

Nígbà tí ó débẹ̀, ọwọ́ méjì ló wọ inú ìkòkò, ó fún aṣọ, ó yí i. Mo fò dìde. "Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn! Ẹ wo àtàǹpàkò òsì, ẹ wo àpá ọ̀bẹ!"

"Ìbọ̀wọ́ ló wọ̀," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Àna wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ ń dí wa lójú."

Kí n tó jókòó, ó ti kọjá. Ojú òyìnbó ti padà dé. Bẹ́ẹ̀ ni sinimá náà ṣe parí, wọ́n pa ẹ̀rọ, ojú àbúrò mi ò sì jáde.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ò pariwo. "Mo rí i," ni wọ́n wí. "Wọ́n wá ọmọ Ìlobù, wọ́n rí i, wọ́n sì yà á. Ẹni tó nílà yín gan-an ni. Ìwọ kọ́. Ibo lo wà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìyàwó?"

"Òyìnbó ni obìnrin yẹn, Ìyá," ni mo wí. "Wọ́n kùn ún ni."

"Òyìnbó tó kọlà? Ta ló kọ ọ́ fún un?"

Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: èmi ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé wa dúró sí ẹ̀yìn mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ ní Ìfọ́n, yóò ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ baálé. Mo ní, "Àwọn ọlọ́dà wọn ni." Ìyá náà pòṣé, wọ́n gbé àga wọn nílẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ baálé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe èmi àti àbúrò mi. Arúgbó ni baálé wa, wọn ò wo sinimá rí, wọn ò sì ní wò ó láyé.

"Wọ́n ní ilà wa wà lójú aṣọ ní Ìfọ́n, ó ń bá òyìnbó ṣeré ìfẹ́," ni wọ́n wí. "Àti èyí tó kúrú lókè. Èyí tó jẹ́ tiwa. Ta ló fún wọn?"

Àbúrò mi kúnlẹ̀. Kò wò mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, kò sì sí bó ṣe lè dá mi dójú tì níwájú àgbà. "Ojú mi ni wọ́n wò, Baba," ló wí.

Òótọ́ sì ni. Kò parọ́. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀, téèpù wà lọ́rùn mi.

"Ilà kì í ṣe aṣọ tí à ń yá àlejò wọ̀," ni Baba wí. "Padà sílé ọkọ rẹ. Má ṣe wá síbí mọ́ títí n ó fi ránṣẹ́ sí ọ." Wọn ò ránṣẹ́ títí wọ́n fi kú, èmi náà ò sì sọ fún wọn.

Nílé ọkọ, wọ́n ní kò sí nínú sinimá náà. Nílé baba, wọ́n ní ó wà níbẹ̀ jù. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti kó ìkòkò aró rẹ̀ síta. Àbúrò mi lọ bá àwọn ẹbí ìyá wa ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa aró lákọ̀tun.

Mo kọ sinimá náà sínú ìwé mi, bí mo ṣe ń kọ àwọn yòókù: Aláró, òyìnbó ni. Ọ̀dà, kò hàn. Ilà, ó pé.

Wọ́n tún gbé e wá sí Òṣogbo lẹ́yìn náà, mo sì wò ó lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ọwọ́ yẹn. Mo fẹnu ka bó ṣe pẹ́ tó lójú aṣọ: láti ení dé ọ̀kànlá, ó ti lọ. Mo gba Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lọ láti sọ fún àbúrò mi, bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi fún mi, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

"Kí ni ọwọ́ náà ń ṣe?" ló béèrè.

"Ó ń yí aṣọ nínú aró."

"Ṣé wọ́n gbé aṣọ náà síta?"

Mo rò ó dáadáa. Ó ti mọ̀ pé mi ò ní ṣì í. "Rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n gé e sí."

Ó fún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó ṣì ní àwọ̀ ewé. Ó sá a sórí okùn, ó sì dúró tì í títí ó fi dúdú.

"Àwọ̀ ewé ló ṣì ní nígbà náà, Bọ̀ọ̀dá mi," ló wí. "Aṣọ yẹn ò tíì mu aró."