Páálí Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Màámi Nítorí Bakassi

Ọmọ mi kò tíì pé oṣù mẹ́fà nígbà tí a lọ ṣe ìwọ́de nítorí Bakassi ní Toronto. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Màámi, tí wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ láti Naijiria, pọn ọmọ, wọ́n sì wọ jákẹ́ẹ̀tì ńlá ọkọ mi bo ara wọn àti ọmọ. Báyìí la ṣe wọ bọ́ọ̀sì àti subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, láti Scarborough tí à ń gbé.

Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí ló kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Bakassi: Ìlàjẹ ni wá, ẹja ló gbé àwọn òbí mi débẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, lábẹ́ àsíá Naijiria. Ibẹ̀ ni bàbá mi kú sí, a sì sin wọ́n sí yàrá wọn, bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Ilé ẹjọ́ àgbáyé wá ní Cameroon ló ni ilẹ̀ náà. Ìjọba Naijiria sọ àsíá kalẹ̀, àwa náà kó sínú ọkọ̀ ojú omi. A kó àwọ̀n, a kó ìkòkò, a tú páànù orí ilé. A ò lè kó bàbá mi.

Àwa mẹ́sàn-án péré la pé jọ síwájú ọ́fíìsì ìjọba kan. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Bakassi. Uncle Etim, alága wa, ọmọ Efik tó dàgbà sí Èkó, pín páálí fún wa: BAKASSI, TIWA NI. Ṣùgbọ́n Màámi ti ní kí n kọ tiwọn láti ilé: Ẹ JẸ́ KÍ N RÍ SÀRÉÈ ỌKỌ MI.

“Màámà, èyí ò dáa o,” ni Uncle Etim wí. “Ẹni tó bá ń tọrọ ọ̀nà ti gbà pé ẹlòmíì ló nilé.”

“Ẹni tó bá wù ú kó ni ín. Kó ṣáà jẹ́ kí n wọlé.”

“Ẹ ò rí i? Ẹ ti tà wá!”

“Èló ni mo gbà?” Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. “Etim, ilẹ̀ ò níbi tó ń lọ. Èmi ni mò ń lọ.”

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ojú tì mí. Mo gba páálí ọwọ́ Màámi, mo fi ti ẹgbẹ́ lé wọn lọ́wọ́.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ mìíràn la ó sọ tiyín.”

Màámi gbà á. “Ó dáa, ìyá mi.” Wọ́n gbé e sókè fún wákàtí méjì.

Òṣìṣẹ́ kan gba lẹ́tà tí a kọ sí ìjọba lẹ́nu ọ̀nà, ó dúpẹ́. Títí dòní, a ò rí èsì. Màámi padà sí Naijiria lóṣù tó tẹ̀ lé e. Òjò ọdún náà ò tíì dá tí wọ́n fi kú.

Kí la wá jèrè? Lẹ́tà wa tuntun, ọ̀nà sí àwọn sàréè ni ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ń béèrè. Uncle Etim fúnra wọn ló ní ká fi ṣáájú, omi sì lé ròrò sójú wọn. Ilẹ̀ náà ńkọ́? Mi ò mọ̀ bóyá yóò padà láé. Àwọn tó pín in ò béèrè àwọn tó sùn sínú rẹ̀.

Màámi máa ń sọ pé bí ilé ò tilẹ̀ sí mọ́, àwọn á ka ìṣísẹ̀ láti èbúté, àwọn á sì dé ọ̀dọ̀ ọkọ àwọn. Mi ò bi wọ́n pé ìṣísẹ̀ mélòó ni. Bí wọ́n bá ṣí ọ̀nà lónìí, mi ò mọ ibi tí màá kúnlẹ̀ sí.