Àlọ́ Faransé ní Kpingni

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé eré àlọ́ wọ kíláàsì mi ní Kpingni, abúlé kan nítòsí Dassa, kò sẹ́ni tó lanu dáhùn. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ya àwòrán sára páálí: ọ̀bẹ, garawa, ewúrẹ́, oògùn, ọmọ tuntun. Mo pín àwọn obìnrin tí mo ń kọ́ sí apá méjì kí wọ́n lè bára wọn díje. Mo gbé káàdì ọ̀bẹ lé Ìyá Roza lọ́wọ́, mo ní kó fi Faransé ṣàpèjúwe ohun tó rí láì dárúkọ rẹ̀, kí apá tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dáhùn. Ìyá Roza ṣe tirẹ̀ dáadáa. Ó ní nǹkan náà mú, ó ń gbé ilé ìdáná, òun la fi ń gé ẹran. Ewúrẹ́ tí wọ́n so sẹ́yìn gbọ̀ngàn tí a wà pàápàá ìbá ti mọ̀ ọ́n. Àwọn obìnrin mi ń wo ilẹ̀.

Olùkọ́ èdè Faransé ni mí, àwọn àgbàlagbà tí kò rí ilé ìwé lọ ní kékeré ni mo sì ń kọ́. Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá ti oko dé tí wọ́n sì ti fọ ẹsẹ̀, a máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ìjọ Àgùdà. Ọjọ́ ọjà Glazoué nìkan ni a kì í ṣe é, torí kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò fi iṣu rẹ̀ sílẹ̀ láìtà nítorí olùkọ́. Ìdáàṣà, ẹ̀ka Yorùbá tiwa, ni gbogbo wa ń sọ láàárín ara wa. Mo tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe díẹ̀ níbí kí Yorùbá ibi gbogbo lè gbọ́ ọ.

Kí àlọ́ tó dé, àwítúnwí ni mo fi ń kọ́ wọn. Màá sọ, wọ́n á sọ tẹ̀ lé mi, gbogbo rẹ̀ á sì máa dún bí àdúrà. Inú gbọ̀ngàn ni Faransé náà ń mọ. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ níta, gbogbo yòókù á bá a lọ. Ìyá Roza lọ ra ìṣó ní ìgboro Dassa, ó gbàgbé orúkọ ìṣó níwájú ọlọ́jà tí kò gbọ́ èdè wa. Ojú tì í láti jáde lọ́wọ́ òfìfo, ló bá ra àgádágodo. Ilẹ̀kùn tí kò ní ìṣó ló gbé àgádágodo náà wálé fún.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí jù ni Ìyá Bẹnuwá. Nígbà kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin bímọ tán ní ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, Ìyá Bẹnuwá sì dúró níwájú nọ́ọ̀sì kan tó wá láti òkè àríwá, kò rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́. Ó ń nawọ́, ó ń sunkún, nọ́ọ̀sì rò pé inú rẹ̀ ló ń dùn nítorí ọmọ tuntun. Ọlọ́run ló yọ àbúrò náà. Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Bẹnuwá ti ń wá síbi ẹ̀kọ́. Nígbà tí ilé ìwòsàn wá ń wá obìnrin kan tí yóò máa dúró láàárín àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn aláìsàn Kpingni, òun ni abúlé yàn. Ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ bá a sọ Faransé ná. Bí kò bá gbọ́ ọ, wọn yóò mú ẹlòmíràn wá láti ibòmíràn, ẹni tí kò mọ èdè wa.

Ìdí nìyẹn tí ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ náà fi já mi láyà. Mo rò pé wọn kò mọ nǹkan kan rárá. Nígbà tí mo ń kó káàdì mi jọ, Ìyá Bẹnuwá dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Màdáàmù, ẹ má bínú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀bẹ ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò sọ ọ́?"

"Ìyálé mi ló jókòó ní apá kejì. Ṣé kí n wá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu lójú gbogbo ayé ni?"

Ìyá Ṣantáàlì ló ní lọ́kàn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó ti wọ ilé náà ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ìyálé ni. Ìyàwó kì í ṣáájú ìyálé rẹ̀ gba oúnjẹ, kì í ṣáájú rẹ̀ gba ọ̀rọ̀. Èmi wá lọ pín àwọn ìyàwó agboolé kan náà sí apá méjì pé kí wọ́n borí ara wọn. Ìyálé pàápàá kò lè dáhùn, torí bí ó bá ṣì í, níwájú àwọn ìyàwó kékeré ni yóò ti ṣì í. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó.

Nígbà tí a tún pàdé, mo fi agboolé kọ̀ọ̀kan sí apá kan, ìyálé wọn sì di ẹnu wọn. Àwọn kékeré á sọ ọ́ sí i létí, òun á sọ ọ́ síta. Ariwo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àpèjúwe ṣì ń le fún wọn, pàápàá Ìyá Bẹnuwá. Ó mú káàdì tí mo ya tẹlifóònù sí lọ́wọ́, ó ń làágùn.

Mo bi í pé, "Kí lẹ ń pe àbúrò ọkọ yín, èyí tó ń gun ọ̀kadà?"

"Afẹ́fẹ́-yẹ̀yẹ̀," ni ó wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ọmọkùnrin náà.

"Èyí àbíkẹ́yìn ńkọ́?"

"Eyínfúnjowó."

"Ẹ kò pe orúkọ wọn rí láti ọjọ́ tí ẹ ti wọlé ọkọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí ẹ ń pè. Ohun kan náà ni mo ní kí ẹ ṣe fún tẹlifóònù."

Ìyá Bẹnuwá gbé káàdì náà sókè. Ó wá sọ ọ́ ní Faransé, díẹ̀díẹ̀: ọmọ tó bá sunkún, gbogbo ilé á sáré, síbẹ̀ kì í mu ọmú. Ìyá Ṣantáàlì kò tilẹ̀ dúró de ẹni tí yóò sọ ọ́ sí i létí kó tó dáhùn síta. Láti ìgbà náà la ti fi ṣe àṣà pé ẹni tó gbé àlọ́ kalẹ̀ ni yóò pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí dókítà pe Ìyá Bẹnuwá, àwa mẹ́ta la jókòó sórí ọ̀kadà kan lọ sí Dassa pẹ̀lú ẹni tó ń wà á, torí Ìyá Ṣantáàlì ní ìyàwó òun kò ní dá lọ. Wọ́n mú Ìyá Bẹnuwá wọlé, àwa méjì sì jókòó sórí àpáta lábẹ́ fèrèsé. Ẹ̀rù ń bà mí ju ẹni tó wọlé lọ. Ó dáhùn orúkọ, ó dáhùn abúlé. Dókítà wá bi í pé bí ọmọdé bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ilé ìwòsàn sì jìnnà, kí ni ìyá rẹ̀ yóò pò fún un mu? Ó ní omi tí a ti sè. Ó ní ṣúgà. Ó wá dákẹ́.

Mo mọ ohun tó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo yíjú sí Ìyá Ṣantáàlì, òun náà mọ̀ ọ́n, ètè rẹ̀ ti ń mì. Fèrèsé kò jìnnà. Ó ká etí ìró rẹ̀ sókè, ó sì fi di ara rẹ̀ lẹ́nu.

Nínú ilé, ohùn Ìyá Bẹnuwá tún jáde ní Faransé. "Ó funfun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣúgà. Bí ọbẹ̀ kò bá ní in, ọkọ yóò dá abọ́ padà."

"Sel," ni dókítà fi Faransé pe iyọ̀, kíá, bí ọmọ kíláàsì mi.

Ìyá Bẹnuwá sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo rò pé iṣẹ́ náà ti bọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni dókítà bú sẹ́rìn-ín, ó rín in pẹ́, ó sì bi í léèrè ọjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àbúrò ọkọ gbogbo tí wọn kò jẹ́ kí ìyàwó ilé pe orúkọ wọn.

Ìyá Bẹnuwá jáde, ó ń wá ojú ìyálé rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Ṣantáàlì tó yọ ìró kúrò lẹ́nu.

"Sel," ni ó wí. "Ó ti wà lẹ́nu mi tipẹ́. Mo ní kí n fi sílẹ̀ fún ọ ni."