Ẹsẹ̀ Òmìrán, Ẹsẹ̀ Tèmi

Ọjọ́ kìíní tí obìnrin ará Filipíìnì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó ní kí n kú.

Bí etí mi ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Yàrá ìfọṣọ ilé àwọn arúgbó ní Becontree Heath ni mo wà, èmi àti àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń yí aṣọ ibùsùn po bí ẹni ń ro ọkà. Ó wọlé, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó ní, "Kúyá!" Mo dúró gbagidi. Lédè tiwa, "kú" ni, "yá" sì ni: kú, kí o sì ṣe é kíákíá. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ kí mi ni, pé ẹnì kan ti kọ́ ọ ní "ẹ kú iṣẹ́", tó sì já a sọnù lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n a kì í kí àgbà láìfi "ẹ" ṣíwájú. "Kú" tí kò ní "ẹ" níwájú, tí kò ní iṣẹ́ tàbí àárọ̀ lẹ́yìn, ikú lásán ni.

Mo dá a lóhùn pé, "Tẹ́ńkiù."

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò béèrè ohun tó ń sọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé, èyí tó kù, London ló kọ́ mi: bí o bá béèrè ọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n á fún ọ níṣẹ́ mìíràn lé e. Orúnkún ọ̀tún mi ló sì gba gbogbo ọkàn mi nígbà náà. Kerekere inú rẹ̀ ti jẹ tán, egungun ń ha egungun bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìkòkò tó jóná. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé orúnkún náà kúrò, kí wọ́n fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Bí n kò bá ṣe é, n kò ní lè dúró ti ẹ̀rọ mọ́, ẹni tí kò bá sì lè dúró kò níṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ. Bí mo bá sì ṣe é ńkọ́? Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ ṣe irú rẹ̀, a kò rí i mọ́ títí dòní. Ìyàwó mi sọ pé Manchester ló kó lọ. Ṣùgbọ́n ta ló rí i ní Manchester?

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, èmi àti obìnrin náà, tèmi ń tiro, tirẹ̀ ń sáré. Tí ọ̀sán bá pọ́n, tí a jókòó láti jẹun, ilẹ̀ ti ṣú nílùú wọn lọ́hùn-ún, ìgbà náà sì ni bọ́ọ̀lù wọn ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n. Á fi fóònù ti agolo ọṣẹ, àwa méjèèjì á máa wò ó.

Òmìrán kan ló ń tìtorí rẹ̀ wò ó. Sẹ́ńtà ni wọ́n ń pe ipò rẹ̀, ẹni tó ń dúró sábẹ́ agbọ̀n. Obìnrin náà sọ pé ọmọ erékùṣù kékeré kan ni, pé nígbà tó kọ́kọ́ dé Mànílà, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín in: gíga tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi gíga ṣe, bọ́ọ̀lù ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọṣẹ. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Òun ni wọ́n ń mú ní ọba àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́dọọdún, títí àwọn yòókù fi yé lálàá rẹ̀. Kì í sáré, kì í fọ́nnu. Á rìn lọ sábẹ́ agbọ̀n bí bàbá tó ń lọ wo àgbàdo lóko, á kẹ̀yìn sí i, á ya ẹsẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì, mẹ́ta á so rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọdé lórí igi máńgòrò. Á yí padà pẹ̀lú wọn lára, á gbé bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀.

Obìnrin náà á sì pariwo pé, "Kúyá! Kúyá!"

Ó bà mí lẹ́rù. Ẹni tó fẹ́ràn tó báyìí, òun náà ló ń sọ fún pé kó kú?

Lọ́jọ́ kan, òmìrán fò sókè láàárín àwọn ọkùnrin bíi mẹ́ta. Obìnrin náà dìde, ó kígbe, "Kúyáaa!" Ọkùnrin náà bọ̀ wálẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́ síbi tí ẹsẹ̀ kì í ṣẹ́ sí. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Èmi kò sunkún. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò.

"Ó dá ẹsẹ̀ òmìrán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," mo sọ fún ìyàwó mi nílé wa ní Upney. "Kí ló máa wá ṣe fún èmi tí mo rí pẹ́ńpẹ́?"

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ lọ bi í léèrè."

"Kí n bi í pé kí ló dé tó fi ń ní kí n kú?"

"Ẹ sá fún adigunjalè ní Agége, obìnrin tí kò ga ju ìgbálẹ̀ lọ ló wá ń lé yín kiri Becontree. Ẹ jẹun, jàre."

Bàbá àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní kí n fi omi àdúrà wẹ ẹsẹ̀ náà, kí n má sì kánjú lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Nígbà tí ọsibítù pè pé àyè ti yọ, mo ní òtútù ń ṣe mí. Ohùn tí mo fi sọ ọ́ dá ṣáká bí agogo. Wọ́n ní àwọn á tún pè.

Ẹsẹ̀ náà kò dúró dè wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí garawa láti ká aṣọ. Mo máa ń gba inú Mayesbrook Park kọjá tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, mo ń sinmi lórí gbogbo bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀, àwọn ajá ti mọ̀ mí. Ọ̀gá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó wo èmi, ó wo garawa, ó lọ. Ìyẹn burú ju èébú lọ. Ó lé lóṣù mẹ́jọ kí ọsibítù tó tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbà, nítorí ojú ọ̀gá.

Obìnrin náà gbọ́. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, ó ní, "Kúyá, ọjọ́ ti sún mọ́lé, àbí?"

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ó tó! Kí ni mo ṣe fún ọ? Láti ọjọ́ tí o ti dé ni o ti ń lé mi lọ sí sàréè! O ṣe é fún ọkùnrin gíga yẹn, ó ṣubú. Ó wá ku èmi."

"Kí ni mo ṣe?"

"Kú, yá! Lédè tiwa, 'kú kíákíá' ni!"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín àti ẹkún jọ ń jà lójú rẹ̀. "Áà! Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni! Ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún là ń pè bẹ́ẹ̀. Òmìrán yẹn kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ohun tó ti ṣe tó ẹ̀gbọ́n. Báwo lẹ ṣe ń pè é lédè yín?"

Mo sọ fún un. Ó gbìyànjú. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "eégbọn". Mo kúrò lẹ́ni tí wọ́n ń lé lọ sí sàréè, mo di kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára ajá. Mo ní kó máa bá Kúyá rẹ̀ lọ.

Mo rò pé ẹ̀rù ti tán. Kò ju ibùdókọ̀ lọ tó fi padà. Bí kì í bá ṣe obìnrin yìí ló dá ẹsẹ̀ òmìrán, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dá a. Ó kàn dá ni. Àdúrà lè ká ọ̀tá lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ gbà sí ohun tó kàn ṣẹlẹ̀? Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni obìnrin náà sọ fún mi pé irin tí wọ́n fi sẹ́sẹ̀ òmìrán kò jókòó dáadáa nígbà àkọ́kọ́, wọ́n tún ẹsẹ̀ náà là. Ó fi í tù mí nínú, pé ó ti ń rìn báyìí, pé kò ní pẹ́ padà sí pápá. Etí mi kò gbọ́ "ń rìn". "Tún là" ló gbọ́.

Ó kù díẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ mi pé ni òmìrán padà sí pápá. A jókòó síwájú agolo ọṣẹ. Òmìrán ń bẹ ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i lábẹ́ agbọ̀n, ó tètè jù ú sí ẹlòmíràn. Wọ́n tún jù ú sí i, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Obìnrin náà kò pariwo rárá. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ ìtumọ̀ fún un, kò lè fi ọ̀rọ̀ náà pariwo mọ́, ó kàn fi eyín di ètè mú. Lẹ́yìn náà òmìrán fò. Ìgbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Inú dígí bálùwẹ̀ mi ni mo ti ń rí i láràárọ̀. Ó balẹ̀, ó tẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kan, ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé èkejì kalẹ̀, ó sì tún fò.

Mo ti mú fóònù jáde láti sọ fún ọsibítù pé òtútù ti padà. Mo dá a padà sápò.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, dókítà fi gègé ya ọfà sórí itan mi. Mo ní, "Ṣé ó dá yín lójú pé ọ̀tún nìyí?" Ó ní, "Ọ̀tún ta ni, tèmi àbí tiyín?" Ó ń ṣeré ni. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ara mi sì fi mí sílẹ̀. Ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ kan sókè níwájú mi, mo ń wo ọmọ ìka rẹ̀, mo ń rò ó pé ta ló ni ín. Wọ́n ta aṣọ dí iwájú mi, n kò rí nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òòlù. Wọ́n ń kan nǹkan gbà, gbà, bí káfíńtà, ibùsùn ń mì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé èmi ni wọ́n ń kàn.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ni ní ìrìn wá, ó ní kí n dìde. Mo ní, "Lónìí?" Ó ní, "Nísinsìnyí, sà." Mo di irin ìtìlẹ̀yìn mú. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀, ó wúwo bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbà mí. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé e, èyí tí a jọ ti ilé ọmọ bọ̀, òun ló gbọ̀n tó sì dún kèké, bí ọ̀tún ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo òsì. Èmi náà wò ó.

"Ẹ máa bọ̀, sà," ó wí. Mo tún gbé òsì náà.