Ògiri Tí Kò Kan Òrùlé

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú òjò ọdún yìí, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, òórùn kan sì jáde sí mi tí mo fi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìmọ̀. Lẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé tí mo fẹ́ wọ̀ ti bu. Ohun funfun kan tó rí bí ìyẹ̀fun ti bo apá rẹ̀ méjèèjì, bàtà mi tó wà nísàlẹ̀ sì ti hu irun bí ọmọ ológbò.

Ilé tuntun ni ilé náà o. Dáyọ̀, àkọ́bí mi, ló kọ́ ọ fún mi sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ níhìn-ín ní Ìlọ́fà, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti kú. Táìsì ń dán nílẹ̀, àjà pí-ó-pì funfun báláú wà lókè, fèrèsé onígíláàsì tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì sé pinpin débi pé eṣinṣin kò lè ráyè wọlé. Tí mo bá gbé ẹ̀wà kaná ní kíṣìnnì, ooru rẹ̀ kì í rí ibi gbà jáde. Á kiri gbogbo yàrá, á wá di omi lára gíláàsì àti ògiri, ilé á sì máa làágùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Èmi nìkan ni mo ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ òórùn tí mò ń wí. Èmi mọ̀ ọ́n láti kékeré. Yàrá Ràmátù ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Agboolé wa ní Ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí. Ilé alámọ̀ gígùn kan ni, páànù tó ti dípẹtà ló bò ó, àwọn yàrá rẹ̀ sì tò tẹ̀lé ara wọn. Ògiri tó wà láàárín yàrá kan àti èkejì kò kan òrùlé. Ẹni tó bá ga dáadáa lè na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀. Yèyé, ìyá bàbá mi tí mò ń sùn ní yàrá rẹ̀, sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a. Atẹ́gùn á gba abẹ́ páànù wọlé, á yípo yàrá, á kó èéfín ààrò àti ooru ara wa, á sì gba òdìkejì jáde. Ohun gbogbo ló máa ń bá a kọjá: òórùn ata tí wọ́n ń dín, ẹkún ọmọ, ìjà tọkọtaya tí wọ́n rò pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ làwọn ń jà á. Kò sí àṣírí nínú agboolé wa, àmọ́ kò sí ẹni tó dá wà níbẹ̀.

Ràmátù àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé yàrá tó kángun sí tiwa. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ Áńgílíkà ni àwa. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ohùn ìyá rẹ̀ tó ń kírun á gba orí ògiri wá bá wa, orin ìsìn Yèyé á sì gba ibẹ̀ padà lọ bá wọn. Ọjọ́ tí òjò bá sé wa mọ́lé, èmi àti Ràmátù á dùbúlẹ̀ sórí ẹní, oníkálukú ní yàrá tirẹ̀, a ó máa sọ̀rọ̀. Á ju ẹ̀pà sísun sí mi láti òkè, èmi á ju àgbàdo padà. Ìgbà kan, ẹ̀pà bọ́ sẹ́nu Yèyé níbi tó ti ń hanrun. Ó dìde jókòó, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ta ló gbàgbé iyọ̀?"

Bàbá Ràmátù ń ta iṣu ní Ìlọrin, ó sì máa ń rí ilé àwọn olówó níbẹ̀. Ọdún kan, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó kó sìmẹ́ǹtì, búlọ́ọ̀kù àti pákó wálé. Ó mọ ògiri náà títí ó fi kan páànù, ó kan àjà sókè, ó fi gíláàsì sí fèrèsé. Gbogbo agboolé wá wò ó, wọ́n kí i kú oríire. Inú èmi náà dùn fún ọ̀rẹ́ mi. Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, tí mo dùbúlẹ̀ tí mo pe orúkọ rẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé kò lè gbọ́ mi mọ́.

Òjò ń rọ̀, yàrá náà ń rin. Ẹní bu, aṣọ bu, àmì dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í tò sára àjà. Ràmátù wá ń wúkọ́, ikọ́ tó ń gbé èjìká rẹ̀ sókè sódò. Yèyé lọ bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ràmátù, ọmọ yìí kò rí atẹ́gùn mí. Ṣí ibì kan fún un."

"Yèyé, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Ìlọrin nìyí. Òtútù ló mú un."

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Nítorí ọmọ náà ló ṣe kọ́ yàrá ọ̀hún. Nígbà tí ikọ́ kò lọ, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìlọrin, nítòsí ilé ìwòsàn, ó ní yóò padà tí òjò bá dá. Ní ìdí ọkọ̀, ikọ́ kò jẹ́ kí Ràmátù lè sọ̀rọ̀. Ó kàn di ọwọ́ mi mú pinpin.

Ìgbà tó lọ tán ni bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó òkè ògiri náà, ó sì tú àjà. Yàrá gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbàgbé, mo pe Ràmátù láti orí ẹní mi. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn.

"Kò sí níbí, ọmọ mi."

Yèyé fà mí mọ́ra.

Ara Ràmátù yá. Wọ́n fi í sílé ìwé ní Ìlọrin, ó dàgbà níbẹ̀, ó lọ́kọ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà kó tẹ̀lé e nígbà tó yá. A ò tún fojú kan ara wa mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà láyé di òní.

Ohun tí mo jókòó tí mò ń rò nìyẹn ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, tí mo fi pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo padà dé, mo pe Dáyọ̀ lórí fóònù, mo ní ilé ń làágùn.

"Màmá, ẹ má ṣí fèrèsé o. Ẹ̀fọn á wọlé, òjò á ba àga jẹ́."

Mo ṣe bó ṣe wí. Kò pẹ́ tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìgbà tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ikọ́ náà lórí fóònù ló gbéra láti Àbújá níbi tó ń gbé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri yàrá mi, omi bá ọwọ́ rẹ̀ wá.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ. O ní kí n má ṣí fèrèsé."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi lé ròrò sí i lójú. Lọ́jọ́ kejì ó mú bíríkìlà wá. Wọ́n lu ihò sókè ògiri ìta gbogbo yàrá, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, wọ́n sì ṣe ibi tí ooru kíṣìnnì á máa gbà jáde. Ilé gbẹ díẹ̀díẹ̀, ikọ́ mi sì lọ.

Kérésìmesì dé, Dáyọ̀ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí wọn. A jẹun, a rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà oníkálukú gba yàrá rẹ̀ lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn, èyí tó kéré jù nínú wọn pàápàá ti tirẹ̀. Mi ò bá wọn wí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, wọn ò sì ní ibi kankan lọ́kàn. Ilé òde òní dára ju tiwa lọ ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà: páànù kì í jò, ejò kì í já bọ́ láti òrùlé, omi ń yọ nínú ilé. Atẹ́gùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè wa kò sì yí padà, bó ṣe ń fẹ́ láyé Yèyé náà ló ṣì ń fẹ́. Ara wa ni a kì í gbọ́ mọ́.

Mo dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀rín ọmọ kékeré ọ̀hún ń dún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́yìn ògiri, mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo ṣí ilẹ̀kùn tèmi gbayawu, mo fi àga gbé e dúró kó má baà padé, mo sì padà lọ dùbúlẹ̀.