Bí Abdulqoyyum Ṣe Gbẹ̀san Lára Yúróòpù

Bí ẹ bá rí Abdulqoyyum lẹ́nu géètì ọ́fíìsì ìjọba kan ní Suitland, ní Maryland l'Amẹ́ríkà, nínú aṣọ sìkiọ́rítì tí Kúlísúmù ìyàwó rẹ̀ ti lọ̀ títí tí etí rẹ̀ fi lè gé búrẹ́dì, ẹ ò ní mọ̀ pé ọkùnrin náà ń bá odindi Yúróòpù jà. Yúróòpù gan-an ò mọ̀. Ìyẹn ló ń dùn ún jù.

Ìjà náà ò ṣẹ̀yìn ikú ìyá rẹ̀. Wọ́n ti sin ìyá n'Ìbàdàn kó tó rí tíkẹ́ẹ̀tì rà, bí ẹ̀sìn ti wí, ó sì gba kámú. Ó ní ó kéré tán, òun á débẹ̀ fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ, kí òun àkọ́bí jókòó níwájú àwọn ààfáà. Ọ̀nà Yúróòpù ni bàálù rẹ̀ gbà. Orílẹ̀-èdè tó balẹ̀ sí, títí dòní, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé Abdulqoyyum. Ọ̀gá kan níbẹ̀ wo páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹja tó ti rà, ó ní ìwé rẹ̀ ò pé fún ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, kó lọ jókòó. Ó jókòó títí bàálù Èkó fi gbéra. Ó jókòó títí àwọn ààfáà n'Ìbàdàn fi ṣàdúrà tán, tí wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n sì wọ bàtà wọn lọ sílé. Gbogbo bó ṣe bẹ̀bẹ̀ tó, ọkùnrin náà ò tilẹ̀ bínú. Ẹ̀rín músẹ́ ló rín. Ó ní, "Òfin lòfin ń jẹ́."

Ẹ̀rín yẹn ló dá ogun sílẹ̀. Nígbà tó padà dé Maryland, ó sáré lọ di ọmọ Amẹ́ríkà. Àwọn ẹlòmíì ń gba páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà kí wọ́n lè rìnrìn àjò. Òun gbà á bí ẹni gba ìbọn. Ó ta ọkọ̀ Jámánì rẹ̀, ó ra ti Amẹ́ríkà, èyí tó ń mu epo bíi ràkúnmí tó dé etí odò. Ó fi kíláàbù bọ́ọ̀lù London tó ti ń tẹ̀ lé láti kékeré sílẹ̀. Humaira ọmọ rẹ̀ rán an létí pé England ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù tipẹ́; Abdulqoyyum ní pé ọmọ kó jáde nílé kò ní kó má jọ bàbá ẹ̀. Ó wá ń lọ sí pápá ìṣeré Landover lọ wo bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọn kì í fẹsẹ̀ gbá. Ìgbà tí gbogbo èrò bá dákẹ́ ni òun máa ń pariwo.

Lẹ́yìn Jímọ̀, níbi ìgbọ́kọ̀sí mọ́ṣáláṣí, ẹni tí kò bá tètè wọ mọ́tò yóò gbọ́ ìtàn lẹ́nu rẹ̀. Yúróòpù ló bí Amẹ́ríkà, ọmọ bínú jáde nílé, ọmọ wá lówó. Nígbà tí bàbá fi ogun àgbáyé dáná sun ilé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ta ló sáré gbomi wá? Amẹ́ríkà náà ni. Ó kó ìyẹ̀fun lọ, ó kó owó lọ, ó fi bàálù gbé èédú fún àwọn ará Berlin nígbà tí Rọ́ṣíà dí ọ̀nà mọ́ wọn. Yúróòpù jẹ, ó yó, ó nu ẹnu, ó ní Amẹ́ríkà ò mọ oúnjẹ sè. Faransé ní kí ṣọ́jà Amẹ́ríkà kó ẹrù wọn jáde nílẹ̀ òun. Nígbà ogun Iraq, Faransé tún ní òun ò bá wọn lọ, Amẹ́ríkà sì bínú débi pé wọ́n yọ orúkọ Faransé kúrò lára ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n ń pè ní "French fries" nílé oúnjẹ àwọn aṣòfin. Tó bá dórí ọ̀dùnkún yìí, omi á lé ròrò lójú Abdulqoyyum. Lọ́jọ́ tí Amẹ́ríkà gbé owó ibodè lé ọjà Yúróòpù, ó pa àgbò bí ẹni pé Iléyá dé. Nígbà tí wọ́n ní Amẹ́ríkà fẹ́ gba Greenland lọ́wọ́ Denmark, ó ní kí wọ́n kúkú gba Paris mọ́ ọn.

Rídwàn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Landover, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Amẹ́ríkà tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà nínú ìjà yìí?"

Ó ní wọ́n á mọ̀.

Kúlísúmù ò ráyè ẹ̀fẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ọsibítù ò jẹ́ kó sùn dáadáa. Ó ní, "Bàbá Humaira, ti Ọlọ́run lẹ̀san."

"Èèyàn kọ́ l'Ọlọ́run ń rán ni?"

Ọlọ́run rán an lóòótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òyìnbó gíga kan so táì wá sí géètì, ó fa páásípọ́ọ̀tù yọ. Orílẹ̀-èdè yẹn gan-an ni. Ìlànà ibẹ̀ ni pé kí àlejò fi fóònù rẹ̀ sínú àpótí, kó jókòó, kí sìkiọ́rítì wá pe ẹni tó gbà á lálejò láti òkè kó wá mú un. Jessica, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá òkè, ló ń retí ọkùnrin yìí. Abdulqoyyum gbé ọwọ́ lé tẹlifóònù. Ó rántí àwọn ààfáà. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Òfin lòfin ń jẹ́, sà," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti fi ojú dígí wo ẹ̀rín náà nílé láìmọye ìgbà.

Ó gbé àga síbi tí oòrùn ti ń wọlé jù. Ó bu omi fún àlejò, torí pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í fìyà jẹ àlejò kó má fún un lómi. Gbogbo ìgbà tó bá gba ibẹ̀ kọjá ló ń kí i kú ìjókòó. Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní irú ìkíni bẹ́ẹ̀, tipátipá ló fi túmọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń gbóòórùn mọ́ínmọ́ín.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà tú táì. Ó na ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ọkàn Abdulqoyyum ò balẹ̀ mọ́; ẹni tí ìyà ń jẹ kì í súfèé. Ó bi í pé ìpàdé rẹ̀ ńkọ́.

Àlejò la ojú kan. Ó ní ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn Amẹ́ríkà ń dúró lókè láti bú òun di ìrọ̀lẹ́: Yúróòpù ahun, Yúróòpù aláìmoore, Yúróòpù tí kò lè ṣọ́ ilé ara rẹ̀. Tí wọ́n bá bú òun tán, wọ́n á ní kí òun tọwọ́ bọ̀wé.

"Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló dá mi dúró ní géètì," ó ní, "ẹ̀bi wọn nìyẹn. Ọ̀gá mi nílé á fò fáyọ̀. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ti gba gbogbo wa là." Ó mú ṣokoléètì kan jáde nínú báàgì, ó ní kó fún ìyàwó rẹ̀.

Ara Abdulqoyyum tutù bí omi inú fíríìjì. Gbogbo ọdún tó ti fi ń jagun! Òun ló wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba Yúróòpù sílẹ̀, bí Amẹ́ríkà ti ṣe, wọ́n sì fi ìpápánu san án. Ó já tẹlifóònù gbà lórí tábìlì.

"Jessica? Àlejò yín ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àyẹ̀wò. Ẹ sáré máa bọ̀."

Ẹsẹ̀ òyìnbó ká kò. Ó dìde, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní kó jọ̀ọ́, kó ṣáà jẹ́ kó di ọ̀sán. Abdulqoyyum mọ ẹ̀bẹ̀ yẹn; òun náà ti bẹ irú ẹ̀ rí. Bí ẹ bá rò pé àánú ṣe é, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Oyin ni ẹ̀bẹ̀ náà létí rẹ̀.

Jessica já wọlé, bàtà rẹ̀ ń dún bí ìbọn. Kò kí àlejò. Abdulqoyyum fi ọwọ́ méjèèjì ṣílẹ̀kùn fún wọn gbàgàdà, bí ẹni ń ṣí i fún ọba, ó sì dẹ etí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ. Wọn ò tíì gòkè tán tí ohùn Jessica fi gba gbogbo ilé: ó ń bi ọkùnrin náà bóyá ó tiẹ̀ mọ ẹni tó bọ́ wọn lẹ́yìn ogun.

"Bá mi bi í dáadáa," Abdulqoyyum wí jẹ́jẹ́, "ọmọ rere."